Àga Tí A Máa Ń Pààrọ̀ Ní Yàrá Kọ̀ǹpútà Mọníyà

Alága wa, Pásítọ̀ Ẹkúndayọ̀, mo kí yín. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, ẹ̀yin tí ẹ yọ̀ǹda yàrá iwájú ilé yín fún eré àwọn ọ̀dọ́ wa, ẹ kú àfaradà ariwo wa. Ẹ̀yin àgbà Mọníyà, ẹ̀yin òbí tí ẹ wá láti Akínyẹlé, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ojú fèrèsé, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí tí mo ti ṣiṣẹ́ fẹ́ da kọ̀ǹpútà méjì nù, èmi Jacob ni mo tọrọ wọn, tí mo gbé wọn wá síbí, tí mo fi wáyà so wọ́n pọ̀, kí àwọn ọmọ wa lè máa yìnbọn síra wọn nínú eré láìsí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan yára, èkejì ń wọ́ bí ẹni tó jẹ iyán yó. Báwo la ṣe ṣe é tí ìjà kò fi ṣẹlẹ̀? Àga la ń pààrọ̀. Bí eré kan bá ti parí, ẹni tó borí á dìde, ẹni tó fìdí rẹmi á jókòó sí ipò rẹ̀. Ta ni yóò ṣe màgòmágó sí kọ̀ǹpútà tí ọ̀tá rẹ̀ ń bọ̀ wá lò? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti jágbe mọ́ yín jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ foríjì mí.

Ẹ rántí ọjọ́ Sátidé tí Tolúlàṣẹ borí Múyì nínú eré, àmọ́ tó kọ̀ tí kò dìde. Múyì fà á kúrò, ó jókòó, ó sì rí i pé Tolúlàṣẹ ti ṣe màgòmágó: ògiri inú eré ti di bíi gíláàsì. Gbogbo ibi tí Múyì ń sá pamọ́ sí ni Tolúlàṣẹ ti ń rí kedere. Irin tí a fi ń ti ilẹ̀kùn ni Múyì gbé. Ta ló bọ́ sáàárín wọn? Ṣeunfúnmi ọmọ mi ni. Irin náà gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀kùn bá ti dún, àyà mi á já.

Lọ́la, Ṣeunfúnmi yìí kan náà ló ń gba iṣẹ́ àbójútó yàrá yìí lọ́wọ́ mi. Lónìí, ìgbìmọ̀ fẹ́ pinnu bóyá ká ra kọ̀ǹpútà tuntun tí yóò máa gba ojú wáyà tẹlifóònù bá àwọn ará ibòmíràn ṣeré. Òótọ́ ni, agara ti dá àwọn ti àtijọ́, ó ti tó àkókò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tà á fún wa jẹ́ kí n dán ọ̀kan wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nínú eré náà, mo sá sẹ́yìn ògiri, ẹnì kan yìnbọn fún mi. Mo yà sí igun mìíràn, ó ti ń dúró dè mí níbẹ̀. Ó pa mí ní àpatúnpa. Nígbà tó parí, mo dìde bí ìṣe wa, mo di àga mú, mo ń retí ẹni tí yóò wá jókòó. Kò sí ẹnì kankan. Ta ni? Níbo ló wà? Bí Múyì bá tún bínú, ta ni yóò gbé irin sí? Ẹni tó wà nítòsí ni. Ọmọ mi ni.

Alága, ẹ ra tuntun, mo bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n méjì tó bára dọ́gba ni kí ẹ rà, kí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan. Ẹ jẹ́ kí ti tẹlifóònù dúró ná, títí a ó fi mọ bí a ṣe ń bá ẹni tí a kò rí pààrọ̀ àga.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ilé yín. Yóò fi ọwọ́ bo orí àwọn ọmọ yín, kò ní jẹ́ kí ìbínú eré di ọ̀fọ̀. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tí ẹ gba arúgbó láyè kó sọ ẹ̀rù rẹ̀ síta. Ṣeunfúnmi, dìde, máa bọ̀ wá jókòó síbí. Èmi yóò lọ jókòó sí àga tìrẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí irin wà.