Ohùn tí Mo Fi Pè Wọ́n ní Yèyé

Ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ Johannesburg dá fún mi. Èmi tí mo ti ṣe ọba, tí mo ti ṣe pásítọ̀, tí mo tilẹ̀ ti ṣe aboyún lórí ìtàgé ní Braamfontein, aṣọ ẹlẹ́wọ̀n kan ṣoṣo ni mò ń wọ̀ báyìí.

Ohùn ni ẹ̀bùn mi. Kò sí ẹni tí n kò lè sín jẹ. Nígbà tí wọ́n fún mi ní ipa ọmọ Èkìtì nínú eré kan, ẹ̀rù bà mí, nítorí Èkó ni wọ́n bí mi sí. Màmá Dámọ́lá, dókítà kan tí ọkọ wọn ti kú, tí wọ́n ń dá gbé ní Roodepoort, ni wọ́n kọ́ mi ní èdè ìlú wọn. Bí mo bá ní, "Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, mà," wọ́n á pariwo.

"Ta ni 'ẹ'? Ṣé èmi méjì ni? Nílé wa, a kì í fi 'ẹ' pe yèyé ẹni. 'Yèyé, ṣí ulẹ̀kùn!' Sọ ọ́ dáadáa, jàre!"

A ó rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á wá bu iyán fún mi. Mo fẹ́ràn màmá yẹn gan-an ni.

Ibi tí ọ̀nà mi ti wọ́ rèé. Wọ́n pe akẹgbẹ́ mi sí ipa kan tí èmi náà ń wá nínú fíìmù. Mo fi ohùn rẹ̀ tẹ dáírẹ́kítọ̀ láago pé ara òun ò yá, òun ò lè wá mọ́. Bí ipa náà ṣe di tèmi nìyẹn. Mo ní ṣebí ohùn lásán ni, kí ló bàjẹ́?

Kúnlé tó ń tan iná ìtàgé fún wa gbọ́ mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ó ní kí n fi ohùn Dámọ́lá, ọmọ màmá tí mo ti pàdé rí nílé wọn, bá òun ṣí géètì wọn. Wúrà wọn ni òun àti ọ̀rẹ́ òun fẹ́ kó.

"Eish, Kúnlé! Màmá yẹn kẹ̀?"

"A ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Àbí kí n lọ rojọ́ ẹ fún dáírẹ́kítọ̀?"

Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbà.

Ọjọ́ Àìkú ni, màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo tẹ aago ẹnu géètì tí wọ́n fi ń bá ará ilé sọ̀rọ̀, mo gbé ohùn Dámọ́lá wọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí ló bọ́ jáde: "Yèyé, èmi ni. Ṣí ulẹ̀kùn."

Màmá dá mi lóhùn. "Ọmọ mi, wọlé. Iyán ò tíì tutù."

Géètì ṣí. Mo sá padà sínú mọ́tò, mo di etí mi. Àwọn Kúnlé fi aṣọ di màmá lẹ́nu kí wọ́n má baà ké. Ibẹ̀ ni màmá kú sí.

Ní kóòtù, wọ́n ka ìjẹ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu géètì, àti pé màmá rò pé Dámọ́lá ló dé. Dámọ́lá dìde, ó ń sunkún. Òyìnbó ló fi sọ ọ́, torí ibí ni wọ́n ti bí i: "Mi ò gbọ́ Yorùbá. Mọ́mì ni mo ń pè wọ́n láti kékeré. Ìwọ nìkan lò ń pè wọ́n ní Yèyé."

Yéè! Màmá mọ̀ mí. Èmi gan-an ni wọ́n ṣí i fún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, ohun tí ẹnì kan bá fi ìfẹ́ kọ́ yín, ẹ má fi tan ẹnikẹ́ni jẹ, ì báà ṣe eré. Èmi ò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ohùn ara mi ni mo fi ń pè wọ́n nínú yàrá yìí, bí wọ́n ṣe kọ́ mi: Yèyé, èmi ni. Dárí jì mí.