Ìlà Kejìlélógójì

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kó orúkọ ẹbí wa jọ. Ní Sátidé-Sátidé ni mo ń ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, láti ojúlé dé ojúlé, títí mo fi to ẹgbẹ̀ta orúkọ ó lé díẹ̀ sínú Excel, orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni mo ń kà níbi àdúrà ọdọọdún wa ní Ẹ̀pẹ́. Gbogbo yín ẹ kan sáárá sí mi, mo sì gbà á bí ẹni tó tọ́ sí. Ẹ̀yin ẹbí mi, irọ́ kan wà nínú iṣẹ́ yẹn, àìsàn tó ń ṣe mí kò sì ní jẹ́ kí n gbé e pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀.

Ní ọdún tí bàbá mi, Alàájì Sàlísù, di olórí ẹbí, obìnrin ẹlẹ́ja kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀rífátù wá láti Ìjẹdè, ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi. Ó ní, “Àǹtí, ọmọ Bísíríyù ni mí. Ọmọ ilé yín ni bàbá mi, ìyá wọn ló gbé wọn lọ Ìjẹdè láti kékeré. Wọn ò tọrọ nǹkan kan. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn níbi àdúrà kí wọ́n tó kú.” Mo bèèrè ọjọ́ orí bàbá náà. Ó ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Bàbá mi jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin, ọkùnrin tó bá sì dàgbà jù ló ń jẹ olórí nílé wa. Ìfura gbà mí lọ́kàn. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún yìí gan-an ni wọ́n rántí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́? Ta ló rán wọn? Mo wo bàtà rẹ̀, mo wo báàgì rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀tẹ̀ fẹ́ yọ jáde níbẹ̀.

Mo ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó ṣe jáde, mo wá orúkọ náà. Ó wà ní ìlà kejìlélógójì: èmi fúnra mi ni mo dà á kọ láti ẹ̀yìn Kùránì bàbá bàbá mi, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, tí bàbá mi kò gbọ́njú bá. N kò pa á rẹ́; ọ̀mọ̀wé kì í pa àkọsílẹ̀ rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tan ara mi jẹ. Mo fi ìlà náà pamọ́ lọ́nà tí ẹ̀rọ yóò fi fò ó bí a bá ń wá orúkọ.

Nígbà tó padà wá, mo yí kọ̀ǹpútà sí i kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Mo tẹ Bísíríyù. Ẹ̀rọ ní òun kò rí nǹkan kan. Mo ní, “Ṣé o rí i? Kọ̀ǹpútà kì í ṣègbè.” Ẹ̀gbẹ́ ibi tí nọ́ńbà wà ló ń wò.

“Àǹtí, ẹ má bínú o. Mọ́kànlélógójì rèé, mẹ́tàlélógójì ló tẹ̀ lé e. Méjìlélógójì ńkọ́?”

Ara mi gbóná. “Ìwọ tó ń ta ẹja létí ọ̀sà, ìwọ lo fẹ́ kọ́ èmi ní kọ̀ǹpútà?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Rárá o, Àǹtí. Táwa bá ń ka ẹja, a kì í fo nọ́ńbà ni.”

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà, Bísíríyù kú. Níbi àdúrà ọdún yẹn, mo ka mọ́kànlélógójì, mo mí, mo ka mẹ́tàlélógójì. Bàbá mi ṣe àmín.

Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ìjókòó ẹ̀gbọ́n yín ni mo gbé fún yín. Mo ti tú ìlà náà sílẹ̀. Mo jẹ Ṣẹ̀rífátù ní gbèsè ìkúnlẹ̀ kan, ní Ìjẹdè, lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀. Mo sì jẹ ẹ́ ní orúkọ bàbá rẹ̀, kí a kà á sókè ní Ẹ̀pẹ́, kí òun alára jókòó níbẹ̀ kó gbọ́.