Obìnrin Tí Mo Gbé Kọjá Ọsibítù

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Ọjọ́ tí wọn yóò yẹ ẹ́ ni n kò mọ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń dìde, màá gbọn ẹ̀wù mi, torí n kò fẹ́ kí wọ́n bá mi ní jíjókòó bí ọ̀lẹ. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n láti Ibafo dé Ifọ̀, kò sí awakọ̀ tí mọ́tò ń gbọ́ràn sí lẹ́nu bíi tèmi. Àwọn wọ́dà gan-an máa ń wá bi mí bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò wọn bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ìgbéraga yìí ló gbé mi débí.

Ohun kékeré ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọkọ̀ tí èrò ń fi fóònù pè ni mò ń wà. Àwọn èrò fi ẹjọ́ eré àsápajúdé mi sùn títí ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù tí wọ́n fi ń pè wá fi tì mí síta. Jámíù, àbúrò ìyàwó mi, náà ń wà á, àmọ́ àìsàn dá a dùbúlẹ̀ nílé ní àdúgbò Lotto. Mo ní kó jẹ́ kí n máa fi orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ ṣiṣẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀ fún wa?”

“Wàhálà wo? Mọ́tò ni mò ń wà, n kì í wa fọ́tò.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Bí mo ṣe di Jámíù nìyẹn.

Láàárọ̀ ọyẹ́ kan, kùrukùru bo gbogbo Mowe. Obìnrin kan pè mí. Sìdíkátù lorúkọ rẹ̀, télọ̀ ni, ó ń kó aṣọ ilé-ìwé lọ sí Ifọ̀. Ẹrù aṣọ kún ẹ̀yìn mọ́tò, ló bá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo fóònù, ó wò mí.

“Bọ̀dá, ojú tó wà nínú fóònù yìí kọ́ lẹ gbé wá o.”

“Àǹtí, ebi ló ń pa mí nínú fọ́tò yẹn. Mo ti yó báyìí.”

Ẹ̀rín pa á. Mọ́tò ń ké pín-ín, pín-ín, pé kó fa bẹ́líìtì dè. Mo ní kó fi sílẹ̀, ẹni tí mo bá gbé kì í so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́.

A gba ọ̀nà Ọ̀fàdà. Mò ń sáré, mò ń fọ́nnu. Ẹ̀yìn tírélà kan ṣàdédé yọ sí wa nínú kùrukùru náà, ó dúró gbagidi láìtan iná. Mo yà fún un, mọ́tò já sí gọ́tà, àyà Sìdíkátù sì lu iwájú mọ́tò. Ìyá kan tó ń lọ sóko ìrẹsì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

“Ṣé ẹ̀jẹ̀ dà?”

Mo ní, “Rárá o, Màmá.”

“Ẹ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí ọsibítù o. Èyí tí kò ṣẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rù jù.”

Àwọn ọlọ́kadà bá wa ti mọ́tò jáde. Sìdíkátù ò lè mí dáadáa, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò, ó padà jókòó.

“Bọ̀dá, ẹ má bínú. Mo máa fi tó ilé-iṣẹ́ yín létí kí wọ́n lè tọ́jú mi. Ẹ jẹ́ ká dé ọsibítù, ká tún dé tèṣàn.”

Kò sọ ọ́ tìjà-tìjà. Bó ṣe tọ́ ló fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ní tèṣàn, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á wo ojú Jámíù. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ọ̀nà!

Mo rí pátákó ọsibítù. Mo gbé e kọjá.

“Bọ̀dá, a ti kọjá ẹ̀.”

“Èyí tó dáa wà níwájú.”

Mo yà sí ẹ́sítéètì kan tí wọn kò kọ́ parí: ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, kò sí ọ̀kan tó ní òrùlé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa fọ́tò náà rẹ́. Ó kọ̀. Mo nawọ́ sẹ́yìn, mo fa aṣọ ọmọ ilé-ìwé kan yọ, mo fi dí i nímú àti lẹ́nu títí ó fi dákẹ́. Mo gbé e wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé náà.

Bí mo ṣe padà dé ìdí mọ́tò, fóònù rẹ̀ tó wà lórí àga tàn. Mo ka òyìnbó ojú rẹ̀ lẹ́tà lẹ́tà: ilé-iṣẹ́ áàpù rí i pé mọ́tò ti yà kúrò lọ́nà, wọ́n ń bi í bóyá àlàáfíà ló wà. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo bá òkú dáhùn pé àlàáfíà ló wà.

Mo ṣáná sí mọ́tò. Pín-ín, pín-ín, pín-ín. Àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Mo fọwọ́ kàn án, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo fa bẹ́líìtì, mo dè é mọ́ òfìfo, ariwo náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú ju ariwo lọ. Fóònù Sìdíkátù tún dún, mo gbé e. Múínà ni, àbúrò rẹ̀.

“Bọ̀dá Jámíù, ẹ̀gbọ́n mi fi ìrìn-àjò yín ránṣẹ́ sí mi, mò ń wo mọ́tò yín lójú fóònù mi látàárọ̀. Kí lẹ dúró ṣe nínú igbó? Ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi ní fóònù.”

“Ó ń sùn.”

“Ẹ jí i.”

Mo pa fóònù náà, mo wa mọ́tò padà sójú ọ̀nà. Múínà pariwo síta fún àwọn tó mọ̀ lọ́nà Ọ̀fàdà, ó dé etí àwọn ọlọ́kadà tó bá wa ti mọ́tò, àwọn ló sì dá mi dúró. Wọ́n ní, “Obìnrin yẹn dà?” Mo nawọ́ sí àga náà, mo ní, “Òun nìyẹn.” Wọ́n wo bẹ́líìtì tó dè mọ́ òfìfo. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi, wọ́n mú mi lọ sí tèṣàn. Mẹkáníìkì sọ ní kóòtù pé wáyà àga ló já nígbà tá a já sí gọ́tà, òun ló mú kó máa ké bí ẹni pé èèyàn ṣì jókòó síbẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo mọ mọ́tò kò tíì gbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fara pa nínú ọkọ̀ tí ẹ fi fóònù pè, ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ nìkan gbé yín kúrò níbẹ̀. Ẹ ké sí ẹni tó wà nítòsí, ẹ pe ará ilé, kí ẹlòmíràn bá yín dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ ì báà má jáde. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má fi orúkọ olórúkọ ṣiṣẹ́. Bí nǹkan bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú tì yín. Ìtìjú kì í pààyàn. Dókítà ọsibítù tí mo gbé e kọjá ló yẹ òkú rẹ̀ wò, ó ní egungun ìhà méjì péré ló sán lára Sìdíkátù. Ó ní ká ní mo yà sí ọ̀dọ̀ àwọn lọ́jọ́ náà, òun ì bá fún un lóògùn ìrora, kó sì máa lọ sílé.