Òkúta Dúdú Tí Mo Gbé Kọjá Odò

Fa àga yẹn súnmọ́ mi, ìwọ ọmọ Awò. Dókítà ò fi bò fún mi, ọjọ́ tó kù ò pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò sì gbọdọ̀ bá mi wọlẹ̀. Bàbá rẹ ò ṣàṣìṣe kankan. Èmi ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Ilé iṣẹ́ tó ń wá ohun àmúṣọrọ̀ inú ilẹ̀ la jọ wà. Òun ló ń rin ìrìn-àjò lọ gbẹ́ òkúta wá, èmi ni mo ń ya àwòrán ilẹ̀. Torí awò ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò la ṣe ń pè é ní Awò. Lọ́dún yẹn, máńgáníìsì là ń wá, òkúta dúdú tí wọ́n ń pò mọ́ irin kí irin lè le. Àríwá ní i, ìlà-oòrùn ní díẹ̀, etí òkun ò ní rárá. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù, abẹ́ òkè tí ilé ìyá mi wà lórí rẹ̀ ni bàbá rẹ ti rí i. Mo mọ̀ pé ibi tí mo bá fàmì sí lórí àwòrán, katakata tó ń wólé ló ń tẹ̀lé e. Mo bá fi ìbú àtàǹpàkò kan sún àmì náà kọjá odò, sí abúlé àwọn ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Mo ní ṣebí wọn ò ní í gbẹ́ ẹ lójú ayé mi. Ara mi ni mo ń tàn.

Kó tó pé ọdún méjì, wọ́n ti wó ilé mọ́kànlélógójì ní abúlé náà. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí, amọ̀ ni wọ́n rí. Ìyá arúgbó kan láti ibẹ̀ wá jókòó níwájú tábìlì mi, ó ní, "Ọmọ mi, nígbà tí ò ti sí nǹkan níbẹ̀, ṣé ká máa padà sílé?" Ilé wo? Mo bu omi fún un. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe.

Kí ọ̀gá tó pè wá láti béèrè ẹni tó ṣàṣìṣe, bàbá rẹ rọra wá bá mi. "Àǹtí, àwòrán yín ò bá ìwé mi mu o. Bóyá ọwọ́ yín ló yẹ̀." Mo ní kó fi ìwé náà sílẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó lọ jẹun ọ̀sán, mo fa ojú ewé méjì tó sọ ibi tí òkúta náà wà ya, mo rún wọn, mo sì fi omi ṣàn wọ́n lọ nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Níwájú ọ̀gá, mo ní, "Ohun tó mú wá ni mo yà." Bàbá rẹ ṣí ìwé, ó wá ojú ewé náà títí, ó wá gbójú sókè wò mí. Ó mọ̀. Ó pa ìwé náà dé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n lé e, géètì ilé onílé ló sì ń ṣọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé lọ́gbọ̀n, òtítọ́ ò sì bá bàbá rẹ láyé mọ́. Láàárọ̀ yìí, mo kọ̀wé sílé iṣẹ́ náà, mo júwe ibi tí òkúta náà wà gan-an. Àbúrò mi tó ń gbé orí òkè yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé torí kí ọkàn yín lè balẹ̀ ni kí wọ́n ṣe wólé mọ́ wa lórí?"

Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ṣùgbọ́n bí o bá ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ fún àwọn ọmọ rẹ, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.