Omi Òjò Ìyá Ràfíù Ló Wà Nínú Àgbá Mi

Ohun kan wà lọ́kàn mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí ìwé kan tó wà lórí tábìlì mi, tí mo gbọ́dọ̀ kà fún ẹni tó ni ín ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mò ń gbé. Ìyàwó mi ti kú. Ògiri kan ló wà láàárín ilé mi àti ti Ìyá Ràfíù, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣe ìmọ́tótó ní ilé àwọn arúgbó. Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kà á. Èmi náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó wọ kíláàsì, àmọ́ mo mọ̀wé kà dáadáa báyìí. Èmi ni mo ń ka lẹ́tà fún un.

Ní ọdún tí ọ̀dá dá, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi rọ́bà fọ́n omi sí ọgbà mọ́, ọ́fíìsì tó ni ilé wa kọ lẹ́tà sí wa. Ẹni tó bá fẹ́ gba omi òjò láti orí òrùlé lè tọrọ àṣẹ, kó ra àgbá tó ní ìdérí, kó sì fi rìsíìtì ránṣẹ́. Wọn yóò dá ìdajì owó rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n àgbá kan péré ni wọ́n gbà lẹ́nu páìpù kan, páìpù kan ṣoṣo ló sì ń gbé òjò wálẹ̀ láti orí ilé àwa méjèèjì. Ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ni yóò gbà á.

Mo kà á fún Ìyá Ràfíù. Ó rẹ́rìn-ín.

“Dádì, ṣé òjò náà ní láńlọ́ọ̀dù ni?”

Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ kíákíá, pé omi ẹ̀rọ ibí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, tẹ̀tẹ̀ òun sì ń kú lọ. Ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

N kò fi í ránṣẹ́. Mo kọ tèmi, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ sí ọ́fíìsì náà. Ewúro tí ìyàwó mi gbìn sínú ìkòkò ló ń gbẹ lọ, ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ tó ṣì ń hù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. N kò pè é ní àwíjàre. Mo sọ fún Ìyá Ràfíù pé wọ́n ní tirẹ̀ pẹ́ kó tó dé, pé tèmi ni wọ́n gbà.

Ó ní, “Ó dáa náà. Tó bá ti jẹ́ tiyín, tèmi náà ni.”

Gbogbo ìgbà ooru yẹn ni mò ń rí i tó ń gbé omi tó fi wẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti yàrá òkè lọ bu sí ìdí tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, garawa lọ́tùn-ún, garawa lósì. Nígbà tí òjò rọ̀, àgbá mi kún. Mo bu garawa kan fún un. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo dì í mú. Ó ṣàdúrà fún mi lórí omi tó jẹ́ tirẹ̀. Mo ṣe àmín.

Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ báyìí. Ilé ìwòsàn fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fi ìwé ránṣẹ́ tí yóò fọwọ́ sí. Ràfíù ọmọ rẹ̀ wá láti Woolwich, ó ní, “Mummy, mú un wá, mo lè kà á.”

Ìyá rẹ̀ ní, “Fi í sílẹ̀. Ìwọ a máa fo ọ̀rọ̀. Dádì kì í fo nǹkan kan.”

Ẹ jọ̀ọ́, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi bò ó. Màá sọ fún un ní Sátidé, màá sì gbé àgbá náà fún un. Ohun tí n kò mọ̀ ni èyí: ṣé kí n kọ́kọ́ ka ìwé náà fún un, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tàbí kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, kó lè yan ẹni tí yóò kà á?

Fọ́ọ̀mù ọjọ́sí ṣì wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ìfọwọ́sí rẹ̀. Mo ti gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ nà sí i?