Àmì Tí Omi Àlùwàlá Gbé Lọ

Safurat ti pinnu: bí ayé yóò bá bàjẹ́, kó bàjẹ́, òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ẹ sì wá wò ó, ọjọ́ ayọ̀ gan-an ló bọ́ sí! Alhaja Limota, télọ̀ Ọ̀kà, ló jó wọ ilé ìwòsàn tí Safurat ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìkàrẹ́, ó ru kúlà iyán, ó ń pariwo pé, "Ẹ wá wò mí o! Ìpéńpéjú òsì mi ti dìde!" Ó gbé méjèèjì sókè, ó rọ̀ wọ́n sílẹ̀, ó tún gbé wọn. Gbogbo èrò tó ń dúró de dókítà bú sẹ́rìn-ín. Safurat náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi náà.

Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ìpéńpéjú Alhaja ti sọ̀ kalẹ̀ bo ojú débi pé sẹlotéèpù ló fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí kó tó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Dókítà Abọ́dẹrìn bá a gbé e sókè: ihò kéékèèké márùn-ún nínú irun, kámẹ́rà tín-ín-rín kan, ó parí. Ewu ibẹ̀ ni iṣan kan tó gba iwájú etí lọ sókè ojú, tí kò nípọn ju òwú lọ. Òun ló ń gbé ìpéńpéjú. Irin ò gbọdọ̀ kàn án. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń mú aláìsàn jókòó láàárọ̀, tí yóò fi gègé fa ọ̀nà iṣan náà sí i lójú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì Safurat, ìwọ ni mo ní kó o ṣọ́ àmì yìí o. Bó bá parẹ́, pè mí."

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀tún gbéra, òsì kọ̀. Dókítà ní ọjọ́ orí ti mú ọwọ́ òun. Ó ti kámẹ́rà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ní kí Olùkọ́ Dáramọ́lá láti Ikun, tí ojú tirẹ̀ náà ti ń bò, wá ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Gift, nọ́ọ̀sì kejì, sọ fún Safurat pé, "Pa ẹnu ẹ mọ́ jàre! Ṣé ó ń wù ẹ́ kíṣẹ́ bọ́ ni?" Safurat sì pa á mọ́.

Ní báyìí tí ìpéńpéjú ti dìde, ta ló tún máa béèrè? Kò sẹ́nì kankan. Síbẹ̀, Safurat tẹ̀ lé Alhaja wọ yàrá dókítà, ó kúnlẹ̀ gbì.

"Dókítà, ọwọ́ yín kọ́. Èmi ni. Ìrun Àìlà tó, Alhaja ní àwọn fẹ́ kírun, mo ní kí wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Èmi tí mo lọ ilé-kéú, n ò rántí pé wọ́n lè ṣe táyámọ́mù, àlùwàlá oníyẹ̀pẹ̀ tí kò nílò omi! Wọ́n fi ọṣẹ fọ ìpara ojú wọn kúrò kí wọ́n tó ṣe é. Ìgbà tí wọ́n máa fi dé, ojú ti mọ́ tónítóní, àmì ti lọ. Ẹ̀rù yín bà mí. Orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí ni mo ti fa òmíràn. Mo mọ̀ pé awọ ojú máa ń yẹ̀ béèyàn bá dùbúlẹ̀, mo sì fà á. Ti òsì fi ìbú ìka kan yẹ̀. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti rọra lẹ ti ń yára, èmi náà ni mo ń gbé irin lé yín lọ́wọ́, ẹnu mi ò là. Ìgbà tẹ́ ẹ wá ní ọwọ́ yín ti ń darúgbó, mo tún ń bá yín kẹ́dùn! Ìkà ni mí. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin méjèèjì."

Alhaja ló kọ́kọ́ lahùn. "Háà! Oṣù márùn-ún ni mo fi ń fi ojú kan ṣe háà! Àwọn oníbàárà rò pé mo ń yọ ṣùtì sí wọn ni!" Ẹ̀rín gbé e, ó di kúlà mú. "Dìde, ọmọ mi. Ọlọ́run ò jẹ́ kí irin gé iṣan náà, ó kàn fà á nà ni. Mo ti dárí jì ẹ́. Àmọ́ ìwọ lo máa fọ abọ́ iyán yìí o."

Dókítà ò tíì rẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Ọwọ́ yín kọ́, sà."

"Inú ń bí mi, Safurat. A máa sọ ọ́ lọ́la, ìjìyà rẹ sì ń bọ̀." Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi aṣọ nu kámẹ́rà, ó sì gbé fóònù sétí.

"Olùkọ́ Dáramọ́lá? Ẹ má lọ Ìbàdàn mọ́. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."