Ẹni Tó Kan Ilẹ̀kùn Wa Ní Òtẹ́ẹ̀lì Kasínò

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, torí mo mọ ara mi. Tí mo bá dé àárín ọ̀rọ̀ yìí, ẹkún ò ní jẹ́ kí n lè dúpẹ́ dáadáa. Ọlọ́run, ẹ ṣé o. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé! Bàbá mi wà láàyè. Ó wà ní Kambolé báyìí, ó ń jẹ iṣu tuntun, ó sì ń bá gbogbo ènìyàn jà pé wọn ò gún un kúnná. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Jésù!

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú ń tì mí díẹ̀. Pásítọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Mo sùn sí kasínò. Ẹ má pariwo, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀! Mi ò ta tẹ́tẹ́ o. Èmi tí gbogbo yín ń ra gàrí lọ́wọ́ mi ní Tchamba níbí, ẹ ti rí mi nídìí tẹ́tẹ́ rí? Òtẹ́ẹ̀lì ni. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́, òkè ni wọ́n ti ń sùn. Èmi, òkè ni mo wà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mùsùlùmí ni bàbá mi, àgbẹ̀ oníṣu ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí nǹkan funfun ti bò ó lójú méjèèjì. Tí oòrùn bá mú, á rí òjìji rẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wá sọ fún wa pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ ní lópitáà kan ní Sokodé, pé òwúrọ̀ kùtù ni kí a ti débẹ̀, ẹni tó bá pẹ́, ó di ìgbà mìíràn. Ẹni tó mọ ìgbà mìíràn yẹn kò sí. Àwọn àbúrò mi wà ní Benin, èmi nìkan ni mo wà ní Togo níbí, nítòsí rẹ̀. Ni mo bá lọ mú Bàbá ní Kambolé, a gba Tchamba, a wọ Sokodé nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀.

Ilé ìbátan wa kan ní àdúgbò Komah la fẹ́ sùn sí. A débẹ̀, àgádágodo la bá lẹ́nu ọ̀nà. Aládùúgbò ní wọ́n ti lọ síbi òkú. Háà! Bàbá jókòó sórí zẹ́mì, ọ̀kadà tó gbé wa, ó di búta tó fi ń ṣe àlùwàlá mú mọ́yà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ti rìn sọnù. Onízẹ́mì ní òun mọ òtẹ́ẹ̀lì kan lápá Kouloundè tí kò wọ́n rárá. Mo ní kí ló dé tí kò fi wọ́n? Ó ní ariwo ni, maman, ariwo ni kò jẹ́ kó wọ́n.

Ẹ̀yin ará, bí mo ṣe wọlé, mo pe Jésù. Ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ló tò lọ bẹẹrẹ, tí iná ń ṣẹ́jú lára wọn, pupa, àwọ̀ ewé, pupa. Àwọn ènìyàn jókòó síwájú wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Ẹnìkan ò bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Bàbá bi mí pé, “Níbo nìyí? Ṣé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni?” Mo fà á lọ́wọ́ kọjá. Obìnrin tó ń gba àlejò kọ orúkọ mi sílẹ̀, Rébékà, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó fọwọ́ júwe òkè. Wọ́n ṣì ń kọ́ apá kan lókè náà, eruku sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n iná ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí, mi ò wò ó dáadáa. A wọ yàrá. Ibùsùn méjì ló wà níbẹ̀, mo fi Bàbá sí èyí tó wà nítòsí ilẹ̀kùn, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lójú ihò rẹ̀. Mo gbàdúrà títí oorun fi gbé mi lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi. Kúràn ti lọ, iná kankan ò sí. Gbogbo ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ti kú, òkùnkùn biribiri, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lóde. Ẹsẹ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò, kò, kò. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan pè mí.

“Àbẹ̀kẹ́.”

Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́. Nínú ìjọ yìí, Màmá Sámúẹ́lì ni mo jẹ́. Nínú ìwé, Rébékà. Ta ni nínú yín tó mọ Àbẹ̀kẹ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n! Ìyá mi tó ti kú àti bàbá mi, àwọn nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé. Ọkọ mi gan-an ò pè é rí. Ta ló wá mọ̀ ọ́n ní Sokodé, ní kasínò, nínú òkùnkùn?

“Àbẹ̀kẹ́!”

Nílé wa, bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ lóru, o ò gbọ́dọ̀ dáhùn. Ìyá mi ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀ láti kékeré: ẹni tó bá dáhùn, ó ti bá ikú lọ nìyẹn. Mo fi aṣọ borí. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ará, irú àdúrà tí ẹ mọ̀ mọ́ mi. Mo ní ìwọ tó ń pè mí yìí, iná! Kí ẹsẹ̀ rẹ rọ níbi tó dúró sí! Kí ohùn rẹ kú sí ọ lọ́fun! Padà lẹ́yìn mi, má tún padà wá láéláé! Mo dè é, mo tún un dè. Ẹsẹ̀ náà sì lọ lóòótọ́. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Mo ní, Jésù, o ti ṣe é!

Mo wá yí sí ọ̀dọ̀ Bàbá. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Bàbá, bí wọ́n bá pè yín, ẹ má dáhùn o.” Kò fọhùn. Mo ní, “Bàbá?” Mo na ọwọ́ sí ibùsùn rẹ̀. Aṣọ ìbora nìkan ni ọwọ́ mi bà. Ibẹ̀ ti tutù.

Yéè! Mi ò lè sọ bó ṣe rí fún yín. Mo sáré dé ìdí ilẹ̀kùn, mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, wọ́n ti ṣí i láti inú. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló tún ń bọ̀ lórí àkàbà. Mo gbọ́ “Papa! Papa!” Mo ṣí ilẹ̀kùn, tọ́ọ̀ṣì tàn sí mi lójú. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì ni. Ọmọ Tem, àwọn ará Sokodé, ni, kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́, a lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí bàbá mi ṣe ń rìn nílé. Tó bá jí fún àsùbá, á fi ọwọ́ òsì kan ògiri, á máa tọ̀ ọ́ lọ. Ibi tí ògiri bá parí sí, ibẹ̀ ni àmù omi wà. Á bu omi sí búta, á ṣe àlùwàlá rẹ̀, kò ní jí ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe nìyẹn. Kò fẹ́ jí mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ òsì kan ògiri òtẹ́ẹ̀lì, ó tọ̀ ọ́ títí ògiri fi parí. Ṣùgbọ́n níbi tí ògiri parí sí, wọn ò tíì kọ́ ibẹ̀. Kò sí ilẹ̀ mọ́. Òfìfo ni.

Ó jókòó sí etí rẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì lóde, ó ń fi ẹsẹ̀ wá àmù. Ọkùnrin yẹn ti fẹ́ fà á sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, Bàbá rò pé olè ni, ó la búta mọ́ ọn lójú, ó tún sún síwájú sí i. Ó ní òun ò lọ síbì kankan, kí wọ́n pe Àbẹ̀kẹ́ fún òun. Orúkọ yẹn nìkan ni ọkùnrin náà gbọ́ yé.

“Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ má mira.”

“Olè kan fẹ́ gba búta mi. Mo bá a jà ni, búta náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Àmù wọn dà níbí?”

“Ẹ̀yìn yín ló wà, Bàbá. Ẹ fi ìdí wọ́ sẹ́yìn.” Irọ́ ni mo pa, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

“Ẹ̀yìn báwo? Ẹ̀yìn ni mo ti ń bọ̀!” Ẹ mọ agídí àgbà. Ó fi ọwọ́ tẹlẹ̀, ó fẹ́ dìde dúró.

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo di jálàbíà rẹ̀ mú lẹ́yìn, ọkùnrin náà di èmi náà mú nígbàdí, ó fà wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣubú sẹ́yìn sórí sìmẹ́ńtì. Bàbá ń bú wa. Èmi ń sunkún, mi ò fi jálàbíà rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ wo ìsàlẹ̀. Irin ìkọ́lé ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n nàró ṣánṣán, gígùn wọn tó èèyàn. Búta Bàbá wà láàárín wọn, ó ti tẹ̀. Mo di Bàbá lọ́wọ́ mú títí a fi dé lópitáà.

Wọ́n ṣe ojú náà o! Lọ́jọ́ kejì wọ́n tú báńdéèjì, Bàbá wò mí, ó wò mí, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ìgbà wo lo hu ewú báyìí?” Ẹ bá mi yin Ọlọ́run!

Mo padà lọ kí ọkùnrin yẹn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Mo fi Faransé mi tó ń tàsé dúpẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun gbọ́ bí mo ṣe ń pariwo nínú yàrá lóru yẹn, ẹ̀rù ba òun, òun rò pé orí mi ti dàrú. Òun ti sọ̀ kalẹ̀, òun fẹ́ jókòó sí àyè òun, kí òun má dá sí i mọ́. Ó ní àwòrán bàbá arúgbó yẹn létí ilé kò kúrò lójú òun, ló jẹ́ kí òun tún gun òkè padà.

Ará, mo dúró níwájú rẹ̀, mi ò lè wò ó lójú. Ẹni tí Ọlọ́run rán sí mi, òun ni mo ń lé. Mo ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, ẹsẹ̀ yẹn ló gun àkàbà lẹ́ẹ̀mejì nítorí bàbá mi. Mo ní kí ohùn rẹ̀ kú, ohùn yẹn ló ń wá mi. Mo ti gbàdúrà púpọ̀ nínú ayé mi, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ sì ti bá mi jó fún èyí tó gbà. Lónìí, ẹ dìde, ẹ bá mi fi ògo fún Olúwa, kí ẹ bá mi jó fún èyí tí kò gbà.